Oògùn Àǹtí Mi àti Oògùn Eku

Irun oníbàárà kan ló wà lọ́wọ́ Àǹtí mi lọ́jọ́ tí òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, kò rí i mú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, tí ìdajì orí rẹ̀ ti wà ní dídì, rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó ní kó jọ̀wọ́ ṣe é kíá, òun fẹ́ tètè dé Ìjù. Àǹtí mi la ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ tí omi kún un lẹ́nu.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni mo wà, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ọjọ́ Sátidé ni, n kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí i pé apá kan ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sísàlẹ̀, itọ́ sì ń kán láti ibẹ̀ sí àyà aṣọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, tó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Kí n tó dìde, ó ti yẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Àǹtí mi ló tọ́ mi. Ìyá kan náà ló bí wa ní Ìwó, ọdún mẹ́rìndínlógún ló sì fi jù mí lọ. Nígbà tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Sàngó, tí èmi sì parí ìwé mẹ́wàá, ó ránṣẹ́ pè mí pé àwọn iléeṣẹ́ ń gba ènìyàn. Mo ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá wé e ni wọ́n fi mí sí. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Bùọ̀dá, ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya, ó sì máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ ìyá wa nílé. Nítorí náà, èmi àti Àǹtí mi nìkan la sábà máa ń wà nínú yàrá wa, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan. Abẹ́ páànù iwájú ilé náà ló ti ń dirun.

Àkókò tí gbogbo ènìyàn ń pariwo Sáàpù, ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé ìjọba, nìyẹn. Owó wa ń rọ̀ lójoojúmọ́ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìjọba ti ní kí àlìkámà má wọlé láti òkèèrè mọ́, iléeṣẹ́ wa ń fi àgbàdo lú ìyẹ̀fun, bisikíìtì sì ń fọ́ sí wa lọ́wọ́ kó tó dé inú ọ̀rá. Wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró. Àǹtí mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá lé mi, kí n wá kọ́ṣẹ́ irun, nítorí pé Sáàpù ò tíì lè sọ pé kí obìnrin máa gbé orí jágajàga rìn.

Obìnrin oníbàárà yẹn ló bá mi gbé e. Pẹ̀lú irun tó dúró gangan ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó wà ní dídì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sáré bọ́ sójú títì, ó dá mọ́tò kan dúró, ó sì tẹ̀lé wa dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà. Àwọn ará ilé ń sọ lẹ́yìn wa pé wọ́n ta á lọ́fà ni, pé ká má gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí ẹni tí wọ́n ta lọ́fà kì í gba abẹ́rẹ́. Mo ní kí awakọ̀ máa lọ. Orí Àǹtí mi wà lórí itan mi nínú mọ́tò. Mo ń ka Àyátùl Kúrísíyù, mo ń ṣì í kà, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun.

Dókítà tó dá wa lóhùn kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó wo ojú Àǹtí mi, ó ní kó gbé apá sókè, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ló di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dì í mú pẹ́, ó pẹ́ débi pé mo rò pé ó ti gbàgbé wa. Ó wá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sétí, ó fi kan àyà rẹ̀, ó sì dijú. Nígbà tó ṣe tán, ó bi mí bóyá orúnkún rẹ̀ máa ń wú nígbà tó wà ní kékeré. Mo ní ìyá wa máa ń sọ bẹ́ẹ̀, pé làkúrègbé dà á láàmú débi pé pípọ̀n ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé.

Ìta ló ti ṣàlàyé fún mi. Ó ní àìsàn ọmọdé yẹn ló ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ọkàn náà kò lù déédéé mọ́, ṣe ló ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ á sì dúró sí igun kan nínú rẹ̀ bí àgbàrá tó rí kòtò, á wá dì. Bí èyí tó dì yẹn bá já kúrò, orí ló máa ń gbà lọ, á sì dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ohun tó fa rọpárọsẹ̀ yìí nìyẹn, kì í ṣe ọfà ẹnikẹ́ni. Ó ní ó sì tún lè ṣe é.

Mo bi í bóyá kò sí oògùn rẹ̀.

"Ó wà," ló wí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Oògùn kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò léraléra. Bó bá kéré jù, kò ní ṣiṣẹ́. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà lára rẹ̀, kò sì ní dá. Láàbù wa níbí ò ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti tó ọdún kan. Mi ò lè fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tú sí i lórí, èmi ni mo pa á."

Ó kọ ẹ̀sípírìn sórí ìwé, ó ní ìyẹn ni ká máa fi rọra mú un ná, kí n sì wá ọ̀nà gbé e dé Èkó. Bó ṣe ń kọ ọ́, mo rí i pé ara òun náà kò balẹ̀. Kí a tó lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó gbé ìka mi méjì lé ọrùn ọwọ́ Àǹtí mi, ó ní kí èmi náà gbọ́ ọ.

Mo gbọ́ ọ. Ó lù lẹ́ẹ̀kan, ó lù lẹ́ẹ̀mejì léra, ó wá dúró. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tún sáré lù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nídìí ẹ̀rọ wa níléeṣẹ́, bí ìró bá yí padà báyẹn, a máa ń pa iná rẹ̀ kíá ni, ká pe mẹkáníìkì. Ta ni mo fẹ́ pè sí èyí?

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí a tó dé Èkó. Bùọ̀dá ṣì wà lójú ọ̀nà, epo mọ́tò wọ́n, Àǹtí mi kò sì tíì lè dá gun bọ́ọ̀sì. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, n kò lọ síbi iṣẹ́ rí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárọ̀. Níléeṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa, mo ti gbà pé èmi ló wá pè.

Dókítà obìnrin àgbà kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ló gbà wá ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó. Wọ́n so wáyà mọ́ àyà Àǹtí mi, ẹ̀rọ kan sì ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí pépà. Èmi tí n kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn náà rí i pé àwọn ìlà tó yọ sókè lórí pépà náà kò jìnnà síra dọ́gba. Dókítà wo ìwé tí a mú wá láti Ọ̀tà, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní kì í ṣe dókítà kékeré yẹn nìkan. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ló ń bẹ̀rù oògùn náà, pé ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta rọpárọsẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń tó gbé aláìsàn wá bá òun, nígbà tí kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́. Ọjọ́ náà ló fi Àǹtí mi sórí oògùn náà, tí wọ́n ń pè ní wọ́fárìn.

Àwọn òfin tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀. Kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì. Wọn kò gbọdọ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ lo ẹ̀sípírìn mọ́, ì báà ṣe nítorí orí fífọ́. Ìwọ̀nba ẹ̀fọ́ kan náà ni kó máa jẹ, kó má ṣe jẹ ẹ́ rẹpẹtẹ lónìí, kó sì pa á tì lọ́la. Wákàtí kan náà ló gbọdọ̀ máa lò ó lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ká máa wá fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lè wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó dì. Ó fún wa ní káàdì kan tí wọ́n á máa kọ ọ́ sí. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ ni yóò máa fún un. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà, gbé e wá. Má dá a dúró fúnra rẹ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, Mà.

Oṣù mẹ́rin ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí ohun gbogbo sì ń lọ. Inú agolo mílíìkì kan tí mo fọ̀ tí mo sì jẹ́ kó gbẹ ni mo ń kó oògùn náà sí. Ẹnu Àǹtí mi padà sípò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ padà, àfi bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló pẹ́. Ó ń fi òwú dídì kọ́ ọ, ó ń dì í mọ́ ẹsẹ̀ àga, ó ń tú u, títí ọwọ́ náà fi tún ń gbọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó tún di orí àkọ́kọ́, orí mi ni. Kò gún rárá. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé Àǹtí mi ló dì í.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn dókítà dáṣẹ́ sílẹ̀. A dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa, a bá géètì ní títì. Ọlọ́dẹ ní òun kò mọ ìgbà tí wọ́n máa padà. A lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bákan náà ni. Mo mú káàdì náà lọ sí láàbù aládàáni kan ní Sàngó, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi, ó ní àwọn kì í ṣe irú èyí. Ó fi kún un pé bó bá jẹ́ òun ni, òun ò ní fún ènìyàn òun ní nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò sọ fún Àǹtí mi. Oògùn wà nílẹ̀ nítorí Bùọ̀dá ti rí púpọ̀ rà, nítorí náà mo ń fún un lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Mo ń wo apá rẹ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀. Ibi tó bá fara gbá lẹ́nu ilẹ̀kùn, á dúdú, á sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bó bá fọ eyín láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á wà nínú itọ́ rẹ̀. Oṣù yẹn, nǹkan oṣù rẹ̀ wá, ó kọjá ọjọ́ márùn-ún, ó kọjá mẹ́jọ. Ọjọ́ kọkànlá ló tó dá. Ó ń rìn mọ́ ara ògiri, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó ti ń gbọ́únjẹ. A fi omi tútù sí i, a fún imú náà pọ̀, kò dá. Ó tó wákàtí kan. Ó jókòó sílẹ̀, abọ́ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń kán sínú rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" ló bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, dókítà ti sọ fún wa. Dókítà kò sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí dókítà sọ ni pé kí n gbé e wá, géètì sì wà ní títì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni eku wọ sítọ́ọ̀ ìyẹ̀fun wa níléeṣẹ́. Nítorí àgbàdo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí àwa mélòó kan lọ bá wọn gbá sítọ́ọ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn sí i. Mo di imú, mo mú ìgbálẹ̀. Òkú eku wà káàkiri, lẹ́yìn àpò, lábẹ́ pákó. Ọ̀kan wà lójú ọ̀nà mi gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ti yí ihò imú rẹ̀ ká, ó ti gbẹ.

Mo ń wo eku yẹn lọ nígbà tí ojú mi bọ́ sára páálí oògùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ya àwòrán eku sí i. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo ń fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ábídí. Wọ́fárìn ni.

Mo bi ọkùnrin tó ń fi oògùn náà sílẹ̀ báwo ló ṣe ń pa wọ́n. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló fi dára, wọn kì í fura. Wọ́n á máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ bí oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa dà sínú ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi kú.

N kò mọ bí mo ṣe parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lójoojúmọ́, lọ́wọ́ èmi fúnra mi, mo ti ń gbé e fún un pẹ̀lú omi. Mo rìn dé ilé dípò kí n wọ mọ́tò, kí n lè ráyè rò ó, ṣùgbọ́n n kò rò nǹkan kan. Eku yẹn nìkan ni mo ń rí. Nígbà tí mo wọlé, Àǹtí mi ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè mí, nítorí àkókò oògùn rẹ̀ ti tó.

Mo ní oògùn ti tán. Mo ní kẹ́mísì kò ní i mọ́, ó di ìgbà tí wọ́n bá kó òmíràn wọlé láti òkèèrè. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tí kò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, nítorí ohun gbogbo ló ń tán. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní kò burú. Mo gbé agolo náà pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

N kò sọ fún Bùọ̀dá, n kò sọ fún ìyá wa. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí Àǹtí mi bá gbọ́ ohun tó ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, jìnnìjìnnì nìkan ti tó pa á. Mo sì rò pé mo ti gbà á là. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, imú rẹ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Nǹkan oṣù rẹ̀ wá, ó dá ní ọjọ́ kẹrin. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń pọ́n padà. Ó ń kọrin nídìí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé ń sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Èmi náà sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo tilẹ̀ dẹ́kun dídi ọwọ́ rẹ̀ mú láàárọ̀. Ohun tí n kò dì mú, n kò ní gbọ́.

Bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé kó lè lọ kírun. Iṣẹ́ ọ̀sán ni mo ní, mo ṣì wà nílé. Mo gbọ́ tí kẹ́tùlù ké lórí kọnkéré. Mo pè é, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti ṣubú sórí apá ọ̀tún rẹ̀, omi àlùwàlá ń ṣàn yí i ká, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì kọjú sí apá òsì bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń wò. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, kò yíjú sí mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, ó ń dúró, ó ń sáré.

Àwọn dókítà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nígbà yẹn, n kò sì lọ wò ó.

Dókítà àgbà yẹn kan náà ló gbà wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó wò ó, ó wo káàdì, ó wò mí. Ó pè mí sínú yàrá kékeré kan, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Àǹtí mi ń dì bíi ti ẹni tí kò lo oògùn kankan. Ó bi mí ìgbà wo ló ti dá a dúró.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: géètì tó wà ní títì, nǹkan oṣù ọjọ́ mọ́kànlá, abọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, òkú eku, ohun tí mo kà lára páálí, irọ́ tí mo pa. Mo ní oògùn eku ni mo rò pé mo ń fún un.

Mo ń retí kó gbá mi lójú. Ó fà mí dìde, ó fi mí jókòó sórí àga tirẹ̀.

"Ohun kan náà ni," ló wí. "Irọ́ kọ́ lo kà. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ń pa ìgbín, ṣé kì í ṣe òun lo fi ń sebẹ̀?"

Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dà nímú rẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, pé ó ṣeé ṣe kí oògùn ti pọ̀ jù lára rẹ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí wọ́n dín in kù. Ó ní ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi nìkan kọ́, nítorí kò yẹ kí ẹni tó ń lo oògùn yẹn dé géètì kó bá a ní títì. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí n kò tíì gbàgbé. Ó ní nígbà tí òun ṣì kéré nídìí iṣẹ́, òun fún ọkùnrin kan ní oògùn yìí, ẹ̀jẹ̀ sì tú sí i nínú, ó kú. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun kò jẹ́ kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. "Àwọn tí mi ò kọ ọ́ fún," ló wí, "rọpárọsẹ̀ gbé nínú wọn lọ. Kò sẹ́ni tó wá bi mí nípa tiwọn."

Àǹtí mi kò kú. Ó lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. Bùọ̀dá bá wa ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, n kò sì lè wo ojú rẹ̀. Apá ọ̀tún Àǹtí mi kò padà mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa omi láti inú kànga tó jìn. Wọ́n dá a padà sórí oògùn náà, wọ́n sì dín in kù.

Ó tó nǹkan bí oṣù márùn-ún kí n tó lè sọ fún un. A ti wà nílé. Mo ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú báàfù. N kò gbójú sókè tí mo fi sọ ọ́ tán. Mo ní oògùn kò tán nígbà yẹn, èmi ni mo fi pamọ́. Mo ń fọ ẹsẹ̀ kan náà lọ, mo ń fọ ọ́ lọ.

Ó fi ọwọ́ òsì tì mí léjìká kí n lè wò ó.

"Mo mọ̀," ló wí. Ó sinmi. "Mo rí agolo."

Mo bi í kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó jáde. Ó wá a, ó wá a, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí pé kò rí i.

"Ẹ̀rù," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ yẹn. Inú mi dùn... pé o fi pamọ́."

A jọ sunkún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò gbé ẹrù náà kúrò lórí mi bí ó ṣe fẹ́. Òun ló ń ṣàìsàn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. Èmi ni wọ́n gbé oògùn lé lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ló tún lò láyé. Àìsàn ọkàn yẹn náà ló rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lọ ní ilé ìyá wa ní Ìwó, láàárọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kò ṣe é mọ́. Iléeṣẹ́ wa ti tì nígbà yẹn, mo ti ń ta ìwé àti bírò fún àwọn ọmọ iléèwé. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní Sàngó lọ́dọ̀ mi, a kò pàdánù ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí wọ́n tún dáṣẹ́ sílẹ̀, mo dúró lẹ́nu géètì láti àárọ̀ di ọ̀sán títí ẹnì kan láti láàbù fi jáde wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú mọ́tò. Imú rẹ̀ tún ṣẹ̀jẹ̀ ní ìgbà méjì. Mo gbé e lọ ní ìgbà méjèèjì, mo sì fún un ní oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n fún un.

Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Ọjọ́ kan wà tí a ń ti Èkó bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ńlá. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà ní ó dára bó ṣe yẹ, pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn ń mú. Àǹtí mi gbé orí lé èjìká mi, oorun gbé e lọ kí a tó jáde nílùú. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n gbé fèrèsé sókè díẹ̀, atẹ́gùn pọ̀ jù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, n kò fẹ́ mira. Mo ń gbọ́ mímí Àǹtí mi ní ọrùn mi. Bó bá mí sóde, èmi náà á mí sóde. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó mí sínú, gbogbo ara mi á le gbagidi títí yóò fi mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí a fi dé Sàngó.